Wáìnì wo ni kí n máa fi jẹ iyán lálẹ́ tí kò ní jẹ owó oṣù mi tán?

Ọmọ_Òkèṣà:

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, Èkìtì kete! Ẹ dákun ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe níbí l'Ádòó, tí mo bá kúrò ní sẹkitéríàtì, kí n yà lọ́jà, kí n wọ ọ̀kadà délé, kí n gúnyán, ó ti máa ń tó nǹkan bí aago méje àbọ̀ ká tó jókòó jẹun, ìgbà yẹn gan-an ni ara mi máa ń fẹ́ nǹkan tútù díẹ̀ tí màá máa mu sí oúnjẹ, ife kan péré o, mi ò sọ pé mo fẹ́ mutí yó. Bíà ò bá mi lára mu, ó máa ń kún mi níkùn. Mínírà ní tiẹ̀, ṣúgà lásán ni. Ló bá di pé mo ní kí n máa ra wáìnì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá wà nìyí. Àwọn kan níbi iṣẹ́ wa (àwọn tó ti dé òkè òkun rí, ẹ mọ̀ wọ́n, gbogbo nǹkan ni wọ́n mọ̀) ń sọ fún mi pé wáìnì pupa tí wọ́n kọ "dry" sí lára ni ojúlówó wáìnì, pé èyí tó dùn yẹn, ti ọmọdé ni. Mo lọ ra Cabernet Sauvignon kan láti ilẹ̀ Ṣílè, owó ẹ̀ ò wọ́n rárá, mo fi jẹ iyán àti ẹ̀fọ́ rírò tí mo fi ata rodo gidi sè, háà! Ata tó ti ń lọ jẹ́jẹ́ tún gbiná lẹ́nu mi, ó jó mi dé ọ̀nà ọ̀fun, wáìnì yẹn sì korò débi pé mi ò lè mu ún dé ìdajì. Ọkọ mi tọ́ ọ wò, ó ní ṣé àgbo ibà ni. (Òun kì í mu ọtí ní tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ìtọ́wò yẹn náà ó ní kí n má sọ ọ́ fẹ́nì kan. Ẹ̀yin ò gbọ́ o.)

Ìbéèrè mi ni pé ṣé wáìnì tó bá oúnjẹ wa mu wà lóòótọ́ àbí kí n kàn gbà pé ọbẹ̀ tí ò ta ni wọ́n ṣe é fún? Mi ò lè ná ju ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà lọ lórí ìgò kan, mo sì fẹ́ kó tó mi mu fún ọjọ́ mélòó kan. Iná wa níbí náà, ẹ mọ bó ṣe ń ṣe, fíríìjì mi lè má rí iná rárá fún odindi ọjọ́ méjì. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?


Onígò_Fájùyì:

Ẹ kú alẹ́ àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ òní o. Wáìnì àti ọtí ni mò ń tà lágbègbè Fájùyì, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá yín lóhùn.

Kò sí nǹkan tó ṣe wáìnì yẹn, ata yín náà ò ṣẹ̀, àwọn méjèèjì ni ò lè gbélé pọ̀. Wáìnì pupa, tèèpo-tèèpo ni wọ́n ń fi èso àjàrà ẹ̀ sílẹ̀ kó fi di ọtí, ara èèpo yẹn ni àwọ̀ pupa ti ń jáde, ibẹ̀ náà ni nǹkan tí wọ́n ń pè ní tánìn ti ń jáde, òun ló ń gbẹ yín lẹ́nu tó ń jẹ́ kí ahọ́n le. Ó wà nínú tíì náà, ẹ mu tíì tí ò ní mílíìkì tí ò ní ṣúgà ẹ máa mọ ohun tí mò ń wí. Cabernet Sauvignon sì wà lára àwọn tí tánìn inú wọn pọ̀ jù, èèpo àjàrà ẹ̀ nípọn. Ọtí inú ẹ̀ ńkọ́? Ó sábà máa ń tó 13% sí 14%, ọtí sì ń ru ata sókè ni, bí ọtí bá ṣe le sí ni ata á ṣe máa ta sí. Ẹ wá ko gbogbo ẹ̀ lu ata rodo Èkìtì lẹ́ẹ̀kan náà, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?

Adùn díẹ̀, kíkan díẹ̀ àti tútù ló ń pẹ̀tù sí ata. Tẹ́ ẹ bá dé ọjà, ẹ wo nǹkan méjì lára ìgò. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "alc" tàbí "vol", ẹ mú èyí tó wà láàárín 7 sí 11. Lẹ́yìn náà ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i: dry, sec, seco, àwọn yẹn ò dùn, semi-sweet, demi-sec, natural sweet, moscato, àwọn yẹn ní adùn. Nǹkan méjèèjì yìí sábà máa ń rìn pọ̀ ni, torí ṣúgà inú omi àjàrà ni ìwúkàrà ń jẹ tó fi ń sọ ọ́ dọtí, tí wọ́n bá dá a dúró kó tó jẹ ẹ́ tán, ṣúgà á ṣẹ́kù, ọtí á sì kéré. Ẹ ṣọ́ra fún "brut" o, wáìnì tó ń hó tí ò dùn nìyẹn, àwọn kọ́sítọ́mà mi kan rò pé gbogbo èyí tó bá ń hó ló dùn, wọ́n á gbé e dé ibi ọjọ́ ìbí kí ojú tó là.

Fún owó yín, ẹ wo Four Cousins, ti Gúúsù Áfíríkà ni, 4th Street náà wà, ti ibẹ̀ náà ni. Carlo Rossi ti Kalifọ́níà náà ń tà dáadáa. Iye wọn ń gòkè ó ń sọ̀ bí dọ́là bá ṣe ṣe, mi ò ní dárúkọ owó níbí kí ẹnì kan má wá fi bá mi jà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àmọ́ nínú gbogbo wọn, ẹ mú funfun tàbí rosé (èyí tó pupa fẹ́rẹ́). Mo mọ̀ pé pupa làwọn èèyàn wa fẹ́ràn torí wọ́n ní ó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Ta ló sọ fún wọn? Àwọ̀ ni wọ́n rí.

Ẹ tún wo ibi tẹ́ ẹ ti ń rà á. Ṣọ́ọ̀bù tó bá to ìgò síta nínú oòrùn, ẹ kọjá níbẹ̀ jàre. Ooru ń ba wáìnì jẹ́ kíákíá, tí kọ́ọ̀kì bá ti yọrí sókè díẹ̀ tàbí tí ara ìgò ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ lábẹ́ ìdérí, ooru ti pa á nìyẹn. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC pẹ̀lú, kẹ́ ẹ sì wo bóyá wọ́n ti ṣí ìdérí rí, ayédèrú pọ̀ nígboro.


Ọmọ_Ẹlẹ́mu_Ìjerò:

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì, ojú ò tì yín? Ọ̀pẹ ń bẹ lóko, adẹ́mu ń gùn ún láàárọ̀, ó tún ń gùn ún nírọ̀lẹ́, ẹ wá ń fi ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ra omi tí wọ́n ti rọ sínú ìgò láti ìdí ayé. Iyán Èkìtì, ẹran ìgbẹ́, akèrègbè ẹmu kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí lẹ tún ń wá? Ilé Uyì, Ilé Ẹ̀yẹ ẹ ò gbọ́? Bàbá mi mu ẹmu títí ó fi dàgbà dàrúgbó, kò bi ẹnikẹ́ni pé èwo ló bá ọbẹ̀ mu.


Ọmọ_Òkèṣà:

@Ọmọ_Ẹlẹ́mu_Ìjerò ẹ kú alẹ́ sà. Tí mo bá wà n'Íjerò ni màá ti gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ẹmu tó bá fi máa dé ọwọ́ mi l'Ádòó lẹ́yìn iṣẹ́, ó ti kan gógó tàbí kí wọ́n ti fi omi àti sákárín lù ú, ṣé kí n kàn máa gbà á bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ bá mi rí adẹ́mu tó máa gbé tìrọ̀lẹ́ wá sí Òkèṣà lójoojúmọ́, màá fi wáìnì sílẹ̀ lálẹ́ òní.

@Onígò ẹ ṣé gan-an, mo ti ya fọ́tò ọ̀rọ̀ yín sínú fóònù.


Ìkọ̀lé_dé_Kéépù:

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i, Ìkọ̀lé ni mo ti wá, mo sì gbé Cape Town fún ìgbà díẹ̀ kí n tó padà sílé. Bàbá wa tó sọ̀rọ̀ ẹmu yẹn, ẹ má fi ṣàwàdà o, òun gan-an ló dáhùn ìbéèrè yẹn láìmọ̀. Kí ló dé tí ẹmu fi bá iyán àti ọbẹ̀ ata mu? Ẹmu tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lórí ọ̀pẹ dùn, ó kan díẹ̀, ó ń hó lẹ́nu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọtí inú ẹ̀ ò sì tíì le. Kì í gbẹni lẹ́nu bíi wáìnì pupa. Tẹ́ ẹ bá wá dúró níwájú ṣẹ́ẹ̀fù ní súpámákẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ò mọ èyí tẹ́ ẹ máa mú, ẹ bi ara yín pé nínú gbogbo ìwọ̀nyí, èwo ló sún mọ́ ẹmu jù? Òun ni kẹ́ ẹ mú. Moscato tó ń hó díẹ̀ nìyẹn. Lambrusco láti Ítálì náà nìyẹn, òun pupa ni o, àmọ́ ó ń hó, èyí tó ní adùn díẹ̀ lára wọn ọtí ẹ̀ ò le, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ pupa dandan, ẹ gba ibẹ̀ lọ. Tí ẹnì kan ò bá fẹ́ adùn púpọ̀, kó wá Chenin Blanc ti Gúúsù Áfíríkà, wáìnì funfun ni, Steen ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ láyé àtijọ́, ó pọ̀ lóko wọn gan-an, ó máa ń kan díẹ̀, ó sì ń rùn bí èso. Sí ẹja tútù tí wọ́n fi ata díẹ̀ sè, ẹ má wulẹ̀ wá nǹkan mìíràn.

Wọ́n ti ń ṣe wáìnì níbẹ̀ láti 1659 o, èèbó Dọ́ọ̀ṣì kan tó ń jẹ́ Jan van Riebeeck kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀ ní oṣù kejì ọdún yẹn pé wọ́n ti fún wáìnì àkọ́kọ́ láti ara àjàrà Kéépù. Èyí tó máa ń dùn mọ́ mi ni pé wọ́n tún dá àjàrà tiwọn sílẹ̀, Pinotage, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Stellenbosch, Abraham Perold, ló mú irú àjàrà méjì, Pinot Noir àti Cinsaut, pọ̀ ní 1925. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó bi mí.

Níbi kan ṣoṣo, mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ Onígò pátápátá. Ẹ má lé wáìnì pupa tó korò kúrò nílé. Ata ló ń bá jà, kì í bá ẹran jà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sun ẹran màlúù ọlọ́ràá tẹ́ ẹ ò da ata bò ó, tàbí ẹ dín in, ẹ ṣí Cabernet yẹn kẹ́ ẹ wò ó, ara ẹran àti ọ̀rá ẹ̀ ló ń gba tánìn mọ́ra, ìkorò yẹn á rọ̀ lẹ́nu yín. Ohun tó dun ni pé ẹran tí ata ò sí lórí ẹ̀ l'Ékìtì, ọdún wo la máa rí i.

Nǹkan mìíràn rèé tó ń bí mi nínú. Wọ́n á ní wáìnì pupa ò gbọdọ̀ tutù, pé bó ṣe wà nínú ilé ni kí wọ́n mu ún. Ilé ta ni? Ilé àwọn èèbó tó sọ bẹ́ẹ̀ ò ju nǹkan bí 16 sí 18 digírì lọ nígbà náà. Pálọ̀ wa níbí ńkọ́, 30 digírì ní oṣù kẹta. Wáìnì pupa tó bá gbóná báyẹn, ọtí nìkan ni imú yín máa gbọ́. Ẹ gbé e sínú fíríìjì fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tó mu ún, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dójú tì yín.


Smáàtì_Ìwòrókò:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi ẹ kú ìjókòó. Èmi ò ní owó Lambrusco o, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Àwa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, wáìnì pupa tó bá ti korò, a máa ń da Kóòkì sí i tòun ti yìnyín, ó máa ń wọlé ni. Ẹ má bú mi.


Ìkọ̀lé_dé_Kéépù:

Ta ló fẹ́ bú ẹ, àbúrò? Àwọn ará Basque ní Sípéènì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó lórúkọ lọ́dọ̀ wọn, kalimotxo, wáìnì pupa tó pọ́ọ́kú pẹ̀lú Kóòkì, ìdajì ìdajì. Tí ẹnikẹ́ni bá fi ẹ́ rẹ́rìn-ín sọ fún un pé ó ò tíì dé Sípéènì ni.


Onígò_Fájùyì:

Ká má rí i ní ṣọ́ọ̀bù mi ṣá o 😂


Nọ́ọ̀sì_Ìkẹ́rẹ́:

Ẹ kú àsọyé o. Mi ò wá láti ba ayọ̀ jẹ́, èmi náà ń mu ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ "ife kan péré" wà, ẹ jẹ́ kí n béèrè pé ife wo? Ife tí ọ̀pọ̀ wa fi ń mumi nílé yẹn, ó ń gba ìlọ́po méjì ife wáìnì. Ìgò wáìnì jẹ́ 750 ml, tẹ́ ẹ bá fi 150 ml ṣe ife kan, ife márùn-ún ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé àǹtí wa tó ń béèrè, ìgò yín á tó yín fún alẹ́ márùn-ún tí ọwọ́ yín ò bá wúwo. Ẹ fi ife ìdíwọ̀n kan wọn omi 150 ml sínú ife yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo ibi tó dé, á yà yín lẹ́nu bó ṣe kéré.

Ẹ tún má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé ìlera lẹ̀ ń mu. Ní 2023 WHO (àjọ ìlera àgbáyé) sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí wọ́n lè ní kò léwu, ìgbádùn lẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìgbádùn, kó sì kéré, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ láìmu nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá ń lo Flagyl (metronidazole), kò sí wáìnì o, títí di ọjọ́ méjì mẹ́ta lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lò ó tán. Oògùn orun bíi Valium náà bẹ́ẹ̀. Aláboyún kó má mu ún rárá. Ẹni tó bá ní ìfúnpá gíga tàbí àtọ̀gbẹ, kó bi dókítà ẹ̀, kó má bi Onígò (ẹ má bínú Onígò), pàápàá bẹ́ ẹ ṣe ń júwe èyí tó ní ṣúgà fáwọn èèyàn yìí. Àwọn tó sì ń sọ pé ó ń jẹ́ kí wọ́n sùn, òótọ́ ni, ó ń gbé èèyàn sùn kíákíá, ó tún ń jí èèyàn láàárín òru, ìyẹn ni wọn kì í rántí sọ.


Ọmọ_Ẹlẹ́mu_Ìjerò:

Nọ́ọ̀sì, ẹmu ńkọ́? Ó dára fún ojú àbí?


Nọ́ọ̀sì_Ìkẹ́rẹ́:

Bàbá mi, ọtí lọtí ń jẹ́. Ẹ mu ún ní ìwọ̀n.


Sólà_Bàsírì:

Ọ̀rọ̀ iná tí àǹtí wa béèrè, kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ẹ̀, ẹ sì ti dé ìlú Dọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mò ń ṣe.

Ká sọ pé iná ò sí tẹ́ ẹ sì fẹ́ kí ìgò tutù kí iyán tó jinná. Ẹ ra píọ̀ wọ́tà dídì bíi mẹ́ta mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, ẹ fọ́ ọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré, ẹ da omi sí i kó mu ìgò dé ọrùn, ẹ wá da iyọ̀ ẹ̀kún ọwọ́ kan sí i, kẹ́ ẹ rò ó pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á kàn to yìnyín yí ìgò ká láìsí omi, ibi tí yìnyín bá fara kàn nìkan ló ń tutù, atẹ́gùn ló kún àyíká tó kù, ṣùgbọ́n omi ń fara kan gbogbo ara ìgò. Iyọ̀ ní tiẹ̀ máa ń jẹ́ kí omi yẹn tutù kọjá bí yìnyín ṣe máa ń tutù fúnra ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó rokà tàbí gúnyán tán, á ti ṣe é mu.

Tí yìnyín ò bá sí rárá, ẹ rẹ táwẹ́ẹ̀lì sómi, ẹ wé e mọ́ ìgò, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tàbí iwájú fáànù tí ń lo bátìrì. Bí omi yẹn bá ṣe ń gbẹ ló ń gbé ooru kúrò lára ìgò, ohun tó ń jẹ́ kí omi inú àmù máa tutù nílé màmá àgbà nìyẹn. Ìgbà ọyẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù torí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ní oṣù keje tí gbogbo ibi bá rin gbindin, ẹ má retí púpọ̀.

Èyí tẹ́ ẹ ti ṣí ló ṣòro. Afẹ́fẹ́ tó bá wọnú ìgò ló ń sọ ọ́ di fínígà díẹ̀díẹ̀, tútù sì ń fa ìyẹn sẹ́yìn, nínú fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, pupa náà o, inú fíríìjì ni ààyè ẹ̀. Àmọ́ fíríìjì tiwa yìí! Ọgbọ́n tí mo ń dá ni pé ọjọ́ tí mo bá ti ṣí i gan-an, kí n tó mu ife kankan, màá ti rọ ìdajì ẹ̀ sínú ìgò kékeré kan tí mo ti fọ̀ tí mo ti fi omi gbóná ṣàn, màá rọ ọ́ kún dẹ́nu pátápátá kí afẹ́fẹ́ má ráàyè, màá dé e pa. Ìdajì tó kù ni màá mu lálẹ́ ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ kejì. Èyí tó wà nínú ìgò kékeré yẹn á pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó bàjẹ́ ju èyí tó kù nínú ìgò ńlá lọ. Tí ó bá wá kan ná, ẹ má dà á nù, ẹ fi rẹ ẹran kẹ́ ẹ tó sè é, ẹran tó le á rọ̀ díẹ̀.

Wáìnì inú páálí náà wà o, èyí tó ní ẹ̀rọ kékeré nísàlẹ̀. Ará Ọsirélíà kan tó ń jẹ́ Thomas Angove ló dá àbá ẹ̀ ní 1965. Ọ̀rá ló wà nínú páálí yẹn, bí wáìnì bá ṣe ń jáde ni ọ̀rá yẹn ń sún kì, afẹ́fẹ́ ò wọlé, ìdí nìyẹn tó fi lè tó oṣù kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ṣí i. Lítà mẹ́ta jẹ́ ìgò mẹ́rin gbáko, tẹ́ ẹ bá pín owó ẹ̀ sí mẹ́rin, ó sábà máa ń dín sí ti ìgò. Àmọ́ èyí tó wà nínú páálí gígùn bí ti mílíìkì, bíi Don Simon, ìyẹn ò ní ọ̀rá yẹn o, tẹ́ ẹ bá ti gé e, bí ìgò ni kẹ́ ẹ ṣe é.


Ọmọ_Ẹlẹ́mu_Ìjerò:

Gbogbo wàhálà yìí, torí omi àjàrà.


Ọmọ_Òkèṣà:

Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi, òpin oṣù ni, iṣẹ́ pọ̀ lọ́ọ́fíìsì. Mo ti ṣe nǹkan tẹ́ ẹ ní kí n ṣe. Mo ra rosé kan tó ní adùn díẹ̀, nọ́ńbà ara ẹ̀ ò dé 10, mo ṣe ti bọ́kẹ́ẹ̀tì oníyọ̀ yẹn torí iná ò sí (ọmọ mi obìnrin rò pé mo fẹ́ se ẹja), mo fi jẹ iyán àti ẹ̀gúsí tòun ti ata ẹ̀ pípé. Ẹ jọ̀ọ́, ó yàtọ̀! Ata yẹn ṣì wà o, kò lọ ibì kankan, àmọ́ tí mo bá ti mu díẹ̀, ó máa ń rọlẹ̀, mo sì tún fẹ́ òkèlè mìíràn, nígbà tó jẹ́ pé pẹ̀lú ti Ṣílè yẹn mo kàn ń wá omi kiri ni. Mo tún gbìyànjú ẹ̀ sí ìrẹsì Ìgbẹmọ àti ọbẹ̀ ata lọ́jọ́ kejì, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ mi, ìrẹsì yẹn ní òórùn tiẹ̀, àwọn méjèèjì ń du ara wọn. Bóyá Chenin Blanc tí ẹ̀gbọ́n Ìkọ̀lé sọ ló yẹ ibẹ̀.

Mo ti wọn ife wa pẹ̀lú omi. Nọ́ọ̀sì, ẹ ò ṣe mí dáadáa 😂 kò dé ìdajì ife.

Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ti wá yí padà báyìí o. Ó ní tí èmi bá ń mu nǹkan tútù tó lẹ́wà nínú ife ẹlẹ́sẹ̀ kan lójoojúmọ́, kí lòun ń fi omi jẹun fún? Kí ni kí n rà fún un tí kò ní bá ti ṣọ́ọ̀ṣì jà? Ìkejì, àwa obìnrin mẹ́ta lọ́ọ́fíìsì ti ń wò ó pé ká dáwó ra wáìnì páálí ńlá ká pín in, ṣé ó bọ́gbọ́n mu?


Onígò_Fájùyì:

Ẹ ra Chamdor tàbí Eva fún bàbá, omi àjàrà tó ń hó ni, kò sí ọtí nínú ẹ̀, àwọn pásítọ̀ gan-an ń rà á lọ́wọ́ mi nígbà Kérésì. Àmọ́ ó dùn gan-an o, nígbà tó jẹ́ pé ìwúkàrà ò jẹ ṣúgà ẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, kẹ́ ẹ sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọ̀ronbó kíkan díẹ̀ sí i, á dín adùn yẹn kù. Ẹ má sì tọ́jú ẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ fún àlejò títí ọdún á fi yípo bí àwọn èèyàn wa ṣe máa ń ṣe. Wáìnì yín náà bẹ́ẹ̀, àwọn tí owó wọn ò wọ́n yìí, wọn kì í dàgbà kí wọ́n wá dùn sí i, ọdún tẹ́ ẹ rà á ni kẹ́ ẹ mu ún.

Ti páálí ńlá yẹn, ẹ má ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ti rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti pín in, afẹ́fẹ́ ti wọ ọ́, èrè ọ̀rá yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹni kan ṣoṣo ló yẹ kó ni páálí. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ dáwó ra katọ́ọ̀nù ìgò mẹ́fà ní iye hósélì, kálukú á mú méjì méjì lọ sílé láìṣí i. Ẹ lè da á pọ̀ pàápàá, rosé mẹ́ta, funfun mẹ́ta, tí ẹni tó ń tà á bá gbà.


Ọmọ_Òkèṣà:

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ̀ ń gbà?


Onígò_Fájùyì:

Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé, kó tó di aago méjìlá, ọmọ mi ló máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, òun kì í da nǹkan pọ̀ fẹ́nikẹ́ni.